Ọjọ́ Tí A Dárúkọ Àwọn Ọmọ Wa Tó Kú

Ọdún tí wọ́n da iyanrìn sí irà ẹ̀yìn ilé wa ní Ajah ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ilé ńláńlá ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Nígbà tí òjò dé, omi kò ríbi gbà mọ́, ló bá ya wọ inú ṣáláńgá, ó sì gba ibẹ̀ wọ kànga wa. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru, wọ́n ń bì. Wọ́n ń kú.

Ìwọ ọmọ ọmọ mi tí ò ń bá mi kọ ọ́, o kéré nígbà náà. Àbúrò rẹ wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó há wa lọ́fun fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Nílẹ̀ wa, ọmọdé tó bá kú, wéré ni wọ́n ń sin ín. Òbí kì í tẹ̀lé e, wọn kì í sì í fi ojú oórì han ìyá. Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́, kí ìyá lè tètè rí òmíràn bí. Nítorí náà, ilé kan kò mọ ti ìkejì. Olúkúlùkù ń sunkún tirẹ̀ sínú.

Èmi ni olórí àwọn obìnrin àdúgbò. Mo kó wọn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, a ní kí wọ́n fún wa ní omi tó mọ́. Ọ̀gá tó jókòó níbẹ̀ ní, "Mọ́mì, kò sẹ́ni tó wá sọ fún wa pé ọmọ kankan kú lọ́dọ̀ yín. Ta ló kú?"

Àwa tí a ti ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà, a dákẹ́, a ń wolẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ rí i? Omi ọ̀fẹ́ lẹ kàn fẹ́."

Ni ìyá rẹ, Mòrẹ́nikẹ́ ọmọ mi, bá dìde. Mo fa ìró rẹ̀. "Jókòó! Wọ́n á lé ọ nílé ọkọ."

"Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹní bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́." Ó kọjú sí ọkùnrin náà. "Ayọ̀mídé ni tèmi ń jẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn ni. Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́, ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi lọ. Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, ọ̀gá."

Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn wa, "Ràmátù!" Òmíràn ní, "Táyé àti Kẹ́hìndé!" Kò sẹ́ni tó lè pa wá lẹ́nu mọ́.

Ọ̀gá náà yọ awò ojú rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Agbè fọ́, sà," ni Mòrẹ́nikẹ́ wí.

Wọ́n dí kànga náà, wọ́n sì gbẹ́ ẹ̀rọ omi fún wa. Ikú ọmọdé dínkù lóòótọ́, mo fojú mi rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ bàjẹ́, wọn ò padà wá tún un ṣe. Àwọn tó ń gbé ilé ńláńlá lẹ́yìn géètì ní omi tiwọn. Ẹni tó bá rówó láàárín wa ń ra ti mẹ́rúwà tó ń ti omi kiri. Ẹni tí kò rówó ti ṣí kànga padà. Ní ti ìyá rẹ, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní bó ṣe dárúkọ ọmọ tó kú, ẹnu ara rẹ̀ ló fi lé ọmọ tí ì bá tún bí sẹ́yìn, wọ́n sì lé e. Ìdí tí ìwọ àti ìyá rẹ fi wà lọ́dọ̀ mi nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ìyàwó kékeré kan tó ń sá aṣọ lójúlé kejì. Omi ọmú ti rin bùláòsì rẹ̀, kò sì pọn ọmọ.

Mo ní, "Ìyàwó, ọmọ dà?"

Ó wo ilẹ̀. "Mọ́mì, ọmọ wo?"