Ọjọ́ Kan Tí Twaibu Kò Gbọdọ̀ Gbààwẹ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa ní Zomba fẹ́ràn ìbéèrè bí ewúrẹ́ ṣe fẹ́ràn èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan kó ìwé wá sábẹ́ igi máńgòrò tí mo ti ń dín màndásì, àkàrà oníyẹ̀fun tí mò ń tà, ó ní òun ń ṣèwádìí. Ẹ̀ẹ̀melòó lo ń gbàdúrà lójúmọ́? Sìgá mélòó lo ń mu? Àbúrò mi, Twaibu, gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ márùn-ún síwájú èkíní, ó tún kọ márùn-ún síwájú èkejì. Ọmọ náà wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Èmi Asiyatu, tí mo tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wa, mo mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ló kọ. Ìrun kan, sìgá kan.

Ẹ má rò pé ọmọ burúkú ni. Twaibu ni ladaani mọ́ṣáláṣí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Tó bá pe ìrun láfẹ̀mọ́jú, àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó wà lórí ibùsùn pàápàá á ní ohùn náà dùn. Inú yàrá tí òun àti Limbani, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀, jọ ń gbé ló ti kọ́ sìgá, lọ́dún kìíní, nígbà tí ìdánwò ń lé wọn kiri. Limbani yìí ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Bó bá ti wá ra màndásì, òun àti Twaibu á bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Ladaani, ẹnu rẹ ń rùn bí àká tábà! Báwo làwọn málékà ṣe ń fara dà á?"

"Ìwọ ńkọ́, akọrin Olúwa? Ṣebí súìtì lo fi ń bo tìrẹ mọ́lẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè."

"Èmi ò fi ohunkóhun pa mọ́. Olúwa mọ̀. Pásítọ̀ nìkan ni kò tíì mọ̀."

"Ẹ kúrò níwájú iná mi, ẹ̀yin méjèèjì!" Èmi nìyẹn. "Ẹlẹ́nu èéfín ni yín."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ẹ̀fẹ̀. Oko tábà ní Namwera ni bàbá wa ti lo ayé rẹ̀. Ó ń gbìn ín, ó ń sá a, ó ń mu ún, ikọ́ ló sì pa á. Nígbà tí Twaibu wọ ọdún kejì, ikọ́ ife mú òun náà. Oṣù mẹ́fà gbáko ló fi lo oògùn. Lọ́jọ́ tó parí rẹ̀, dókítà fi àwòrán àyà rẹ̀ hàn wá. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró apá òsì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, apá ọ̀tún nìkan ló kù tó fi ń mí. Ó ní tó bá tún fa sìgá, kí n má wulẹ̀ gbé e wá mọ́. Mo kúnlẹ̀ fún àbúrò mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, èmi ẹ̀gbọ́n! Ó sunkún, ó búra. Ọjọ́ kẹrin, mo gbọ́ òórùn sìgá lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ fọ̀ ọ́.

Ààwẹ̀ ló gbà wá. Oṣù Ramadan dé, ladaani kò sì lè fa èéfín lọ́sàn-án. Tó bá ṣínu tán, ó di ìrun, ìrun di àṣámù, ó ní ojú ń ti òun láti fi ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka Kùránì mu nǹkan yẹn. Ọjọ́ kìíní kọjá. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ó ń kanra mọ́ gbogbo wa, àmọ́ kò mu ún. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ikọ́ rẹ̀ ti rọlẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń kún. Mo ń jí se sàárì fún un tayọ̀tayọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe agbára mi o," ló sọ fún mi. "Tí mo bá ti ṣe àníyàn ààwẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan di ọwọ́ mi mú. Tí oṣù bá wá lé ńkọ́?"

"Ọlọ́run á ṣe é."

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Èmi náà ti ń bẹ Ọlọ́run ní kọ̀rọ̀ pé kí oṣù má tètè lé.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ni oṣù lé. Àdúgbò hó yèè, àwọn ọmọdé ń sáré. Twaibu jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, kò tilẹ̀ wòkè. Ó ní òun fẹ́ lọ sùn.

Lọ́jọ́ kejì, a ti yídì dé. Mo ti se ìrẹsì, mo ti pa adìẹ, mo sì ti se fútálí, ọ̀dùnkún ẹlẹ́pà tó fẹ́ràn láti kékeré. Ààfáà Sumaili, tó kọ́ wa ní kéwú, bá wa wálé. Limbani náà wá jẹun ọdún. Gbogbo wọn ń jẹ. Twaibu ń fi ṣíbí ti oúnjẹ tirẹ̀ káàkiri inú abọ́.

"Jẹun," mo ní.

"Mo ti yó, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí lo jẹ tó o fi yó? Láti àárọ̀ ni mo ti ń wò ọ́. Omi kò kan ètè rẹ."

Ó wo ilẹ̀. "Mo wà lẹ́nu ààwẹ̀."

Yéè! Lọ́jọ́ ọdún! Mo lọgun. "Hàráámù! Ta ní í gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀? Ṣé orí rẹ pé báyìí? Ìwọ ladaani!"

Ààfáà gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ọmọ mi, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní ká jẹun lónìí. Tó bá dọ̀la, bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ mẹ́fà tó máa ń tẹ̀lé e. Ọjọ́ kan péré ni."

"Ààfáà, ọjọ́ kan yẹn gan-an ni mò ń sá fún."

Kò yé Ààfáà, torí kò mọ̀ pé Twaibu ń mu sìgá. Limbani mọ̀. Ó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò ṣẹ̀fẹ̀ rárá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀."

"Ta ló pè ọ́ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wa?"

Èmi náà mọ̀. Kí n má purọ́, èmi náà mọ̀. Ojú Ààfáà ni mò ń wò. Tí mo bá la ọ̀rọ̀ sìgá sílẹ̀, wọn á gba ipò ladaani lọ́wọ́ rẹ̀, ìtìjú á sì bá ilé wa. Mo bu fútálí kún ṣíbí, mo gbé e sí i lẹ́nu.

"La ẹnu."

Ó la ẹnu, bó ṣe máa ń là á nígbà tó wà ní kékeré. Omi ń dà lójú rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ó ti parí," ló wí.

Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, mo rí èéfín lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ó gbìyànjú ààwẹ̀ mẹ́fà náà. Oòrùn kò tíì ga tó fi bà á jẹ́. Ọwọ́ tó dì í mú ti jù ú sílẹ̀. Nígbà tó fi di Iléyá, kì í ṣe márùn-ún mọ́, odidi páálí ló ń mu lójúmọ́.

Wọ́ọ̀dù ọsibítù ni ààwẹ̀ ọdún yìí bá wa. Rọ́bà ni wọ́n fi ń gbé afẹ́fẹ́ sí i nímú. Dókítà yẹn kò bá mi jà, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù. Mo ti wá sọ gbogbo rẹ̀ fún Ààfáà Sumaili. Bàbá àgbà náà fi ọwọ́ bojú, ó ní, "Asiyatu, kí ló dé tó ò sọ fún mi lọ́jọ́ náà?"

Lánàá, ọjọ́ kìíní ààwẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kí n fún Twaibu lómi. Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ti yọ̀ǹda aláìsàn. Mo gbé ife sí i lẹ́nu. Ó yí ojú sí ògiri.

Mo ní láti tẹ etí mọ́ ọn kí n tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má tún ba ààwẹ̀ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Mo gbé ife náà sílẹ̀.