Òróró Ṣì Wà Lọ́wọ́ Mi

Bàbá mi kì í gbà pé ojú àwọn ti ń ṣe bàìbàì. Bí wọ́n bá fẹsẹ̀ gbá ìkòkò òdòdó mi wó, wọ́n á bi mí pé ta ló gbé e síbẹ̀. Ti ìkòkò ò dùn mí. Mọ́tò ló ń bà mí lẹ́rù, torí bàbá mi ló ń gbé àwọn ọmọ mi lọ sílé ìwé láràárọ̀ láti Otokiti, àdúgbò wa. Bí mo bá dárúkọ dókítà ojú, wọ́n á ní awakọ̀ tó bá mọ ọ̀nà kò nílò awò. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, màá panu mọ́, inú á sì máa bí mi.

Fíṣíìsì ni mo ń kọ́ni ní sẹ́kọ́ńdìrì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ọ̀la dánra wò ní pálọ̀: bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́ fún ojú. Àwọn ọmọ mi jókòó, bàbá mi náà fa àga súnmọ́ tábìlì.

Mo ní kì í ṣe àfẹ́ẹ̀rí o. Àwọn onímọ̀ ń wá aṣọ tó máa darí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ èèyàn, kó tún pàdé lẹ́yìn rẹ̀, bí omi odò Ọya ṣe ń yí àpáta po tó sì ń bá tiẹ̀ lọ. Apá mi ò ká ìyẹn. Ti gíláàsì nínú òróró ni mo lè ṣe. Ìmọ́lẹ̀ kì í yẹ̀ bó bá ti inú òróró bọ́ sínú irú gíláàsì yìí, torí náà ojú ò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Mo ki ọ̀pá gíláàsì bọ inú abọ́, mo ṣí òróró tí mo rà ní ọjà Kpata. Kí n tó dà á, bàbá mi pàtẹ́wọ́.

"Ó ti pòórá," ni wọ́n wí. "O káre, ọmọ mi."

Òróró ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé bàbá àgbà ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo yára dà á, àmọ́ bàbá mi ni mò ń wò. Ọ̀pá náà pòórá lóòótọ́, n ò tiẹ̀ wò ó.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, bàbá mi ò dìde lórí àga. Wọ́n bi mí léèrè:

"Ẹni tí wọ́n bá da aṣọ yẹn bò, ṣé òun náà ń ríta?"

Mo ní rárá, ìmọ́lẹ̀ tó ń yà fún un kò ní dé ojú rẹ̀, inú òkùnkùn ló máa wà.

Wọ́n mirí.

"Ìwọ ni kó o gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé lọ́la."