Gòjé Tí Mo Wín Ará Ìsàlẹ̀ Òsì

Iyọ̀ ni mo ń tà ní Ọjà'ba. Ẹni tó bá sọ pé mo ta gòjé, irọ́ ló pa lọ́nà méjèèjì: ọwọ́ mi kò mọ̀ ọ́n ta, ẹnikẹ́ni kò sì san kọ́bọ̀ fún mi lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí àwọn ẹlẹ́nu wẹ́rẹ́ kò jẹ́ kí n sinmi.

Oníṣòwò obì ni ọkọ mi. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ti ọ̀hún kó awọ àti àlùbọ́sà bọ̀, wọ́n a máa fa ẹṣin bọ̀. Tèmi gbé gòjé bọ̀. Igbá ńlá ni, awọ awọ́nríwọ́n ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀, irun ìrù ẹṣin ni okùn rẹ̀, okùn kan ṣoṣo.

Mo ní, "Bàbá wa, gbogbo obì yẹn, okùn kan?"

Ó ní tí mo bá gbọ́ ohun tí ọ̀kan yẹn ń sọ, màá mọ̀ pé méjì ì bá di àròyé.

Òótọ́ ló sọ. Gòjé àwọn tó kù láàárín ìlú a máa dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Tiwa a máa sọkún bí ìyàwó tuntun. Nígbà tí àìsàn dá ọkọ mi dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó pè mí, ó ní, "Má gbé gòjé yìí kọ́ ara ògiri fún aláǹtakùn o. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dára ni kí o máa yá. Ṣùgbọ́n má tà á." Mo ní mo gbọ́. Kò fi ilé sílẹ̀, kò fi ẹṣin sílẹ̀, gòjé ló fi sílẹ̀. Kí ni ǹ bá tún sọ?

Bí mo ṣe di ẹni tí àwọn olórin ń wá kí láàárọ̀ nìyẹn, èmi tí n kò mọ orin kankan ju èyí tí mo fi ń polówó iyọ̀ lọ. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń dán olórin wò, ṣùgbọ́n mo mọ ọjà. Màá ní kí wọ́n jókòó ti àtẹ mi, kí wọ́n ta gòjé. Bí ẹni tó ń ra iyọ̀ bá gbàgbé láti nájà, ọwọ́ náà dára. Bí ó bá wá ń nájà kíkankíkan, kí onítọ̀hún máa lọ ilé.

Ọ̀pọ̀ ló lọ ilé. Tíṣà kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, bàtà lẹ́sẹ̀, ó tẹ́ ìwé síwájú, ó ní inú ibẹ̀ ni orin wà. Ó wo ìwé, ó fa ọrun lórí okùn gòjé, ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bẹ́ sáré.

Mo ní, "Tíṣà, ẹ ò jẹ́ kí ìwé náà fúnra rẹ̀ ta á ká gbọ́?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin ahunṣọ kan wá láti Ìsàlẹ̀ Òsì, ó ga bí òpó, kò lè wo ojú ènìyàn. Bí ó ti fa ọrun báyìí, obìnrin kan tó ti ń bá mi jà lórí igbá iyọ̀ láti àárọ̀ dákẹ́, ó san iye tí mo pè, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní háà!

Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ mi títí di Iléyá."

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Mo ní, "Ó dáa, mo wín ọ."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ Yorùbá. Aṣọ là ń yá ènìyàn, ẹṣin là ń yá ènìyàn. Èyí tí wọ́n mú lọ gan-an ni wọn ó mú padà. Ṣùgbọ́n wíwín là ń wín iyọ̀. Ẹni tó wín in ti jẹ ẹ́, òmíràn ni yóò bù wá san. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, "Ìyá oníyọ̀, ẹ wín mi," "Mo wín ọ," ahọ́n mi ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ bí ẹṣin ṣe mọ ọ̀nà ilé.

Iléyá dé, ọmọkùnrin mi dé. Ó gbé gòjé lé àtẹ mi: igbá tuntun, awọ tuntun, ó ń dán yinrin.

"Kí nìyí?"

"Gòjé yín ni, Ìyá."

"Tèmi dà?"

"Ó wà nílé. Ìyá, ẹ wín mi ni, ẹ ò yá mi. Ni mo bá ṣe òmíràn fún yín. Ẹ wò ó, ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fi ìyẹn ṣe èènì."

Ọjà dàrú fún ẹ̀rín. Aláta ẹ̀gbẹ́ mi ní, "Ìyá oníyọ̀, ṣé ẹ ò ní wọ̀n ọ́n wò ni?" Mo di ọmọ náà ní gbáriyẹ̀ mú, ó di ọ̀dọ̀ baálé agboolé wọn.

Baálé fi tẹ̀sùbáà sílẹ̀, ó gbọ́ ẹjọ́. "Ìwọ obìnrin yìí, kí lo sọ fún un gan-an?"

"Bàbá, mo ní mo wín in."

"Háà. Ẹnu rẹ ló tà á."

Gbogbo agboolé gbè é pé ẹnu mi ló tà á. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo rí ọkọ mi lórí ẹní àìsàn, tó ń sọ pé kí n má tà á. Mo wá gbọn ara nù.

"Bàbá, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́. Bí mo bá wín ọmọ yín ní iyọ̀ kún igbá, ṣé ààbọ̀ igbá ni yóò fi san án?"

"Ó tì o."

"Gòjé tí mo gbé fún un, orin ti kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Ọkọ mi kún un, gbogbo ọwọ́ tó gbà á kún un. Èyí tó gbé wá yìí, ẹ ní kó ta á, ká wo ohun tó wà níbẹ̀."

Ó ta á. Gòjé tuntun wúkọ́ bí àgbà tí ẹja há lọ́fun. Baálé fi apá ẹ̀wù bo ẹnu.

"Ọmọ mi, òfìfo igbá lo fi san iyọ̀. Lọ gbé tirẹ̀ fún un."

Aṣọ funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun ló fi wé e jáde. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ìyá, ó ti mọ̀ mí ni." Mo ru ẹrù mi, mo ń yan lọ bí ìyàwó olóyè.

Nígbà tí mo dé Pópó Yemọja, mo jókòó, mo tú aṣọ náà kí n lè wo ohun tó ti bà jẹ́, nítorí mo ṣì ní èébú púpọ̀ nínú. Ojú ibi tí igbá náà ti sán láyé ọkọ mi, tí òun fi ìda dí wúruwùru, ọmọ yìí ti fi òwú gán an, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dára ju iṣẹ́ àwọn onígbá lọ. Ó ti fi òróró pa awọ rẹ̀. Mo fi ìka kan okùn, ó dá mi lóhùn bí ẹni tó jẹun yó.

Mo ṣẹ́rí padà. Àwọn ará agboolé ò tíì rẹ́rìn-ín tán.

"Ìyá oníyọ̀ tún dé! Ẹ̀ẹ̀kejì rèé, yíyá ni àbí wíwín?"

Mo la ẹnu. Mo pa á dé. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé gòjé lé ọmọkùnrin náà lọ́wọ́.

"Èwo lẹ ní kó jẹ́, Ìyá?"

Mo ní, "Ọjà ń dúró dè mí."

Lọ́dọọdún ló ń gbé e wá kí mi ní Iléyá, òun àti àwọn tó ń kọ́ lórí rẹ̀; wọn a ta á, màá gbọ́, wọn a gbé e lọ. Àwọn ọmọ ọkọ mi ń bi mí pé ta ló wá ni gòjé náà báyìí. Mo máa ń bi wọ́n pé ṣé iyọ̀ ni wọ́n fẹ́ rà ni.