Ẹ̀wà Tí Mo Fún Àwọn Ọmọ Inú Ilé

Òórùn eku àti epo tó ti kan ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sínú ilé tí mo rà ní Adja-Ouèrè, nígbà tí àwọn Faransé ti gbé àsíá wọn lọ, tí àwọn sójà kò sì tíì ní kí a máa pe ara wa ní kàmàráàdì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí. Epo pupa ni mò ń rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin oko, tí mò ń fi kẹ̀kẹ́ gbé lọ sí Pobè. Mo ti jókòó díẹ̀ ní ilé-ìwé, mo lè dáhùn "présent" láìkọsẹ̀ bí olùkọ́ bá pe orúkọ mi, nítorí náà mo gbà pé kò sí ẹni tó lè rẹ́ mi jẹ. Àfẹ́sọ́nà mi ni mo torí rẹ̀ ra ilé náà. Ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Tatonnonkon ti ní òun kò ní fa ọmọ òun lé ọkùnrin tó ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹni tó ta ilé fún mi ti kó lọ sí Oko-Akarè, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ nìkan ló kó. Ìkòkò fífọ́ kún yàrá dé àjà, odó tí ìdí rẹ̀ ti lu, ẹní tí ikán ti jẹ kù. Eku ibẹ̀ tóbi débi pé ológbò àdúgbò máa ń kúnlẹ̀ kí wọn kó tó kọjá; ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ológbò. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù. Ohun tó dá mi dúró ni ère ìbejì méjì tó wà lórí pèpéle, tí wọ́n ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo pẹ́ dé. Ìyá ẹni tó ta ilé ló bí àwọn ìbejì náà, wọ́n kú ní kékeré, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ère wọn, ó sì ń bọ́ wọn títí òun náà fi lọ. Ọmọ tó kù, ẹni tó ta ilé fún mi gan-an, ni Ìdòwú tó tẹ̀ lé wọn, ẹ sì mọ orí kunkun Ìdòwú.

Mo wá ẹni tí yóò bá mi gbé wọn jáde, n kò rí. Alágbàṣe kan tó ní òun lè gbé erin, bí ojú rẹ̀ ṣe kan ère, ó rántí pé ẹ̀yìn ń dun òun. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Oko-Akarè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá kó àwọn ọmọ ìyá yín."

"Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, mo ń bọ̀."

Ọjọ́ ọjà dé, ó kọjá, òmíràn dé, kò sẹ́ni tó yọjú. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi gbọ́. Ó ní, "Ọmọ mi kò ní wọ ilé tí ọmọ ọlọ́mọ ti ń jókòó ti ebi. Ìbejì tí ebi ń pa kì í jẹ́ kí aboyún sùn. Bí àgbàdo tuntun bá jáde tí ilé yẹn ò bá tíì mọ́, lọ wá ìyàwó síbòmíràn." Àgbàdo sì ti ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀! Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé tí mo fowó mi rà bí àlejò tí wọn kò tíì dá lóhùn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Mo pe ẹ̀rín títí, ẹ̀rín náà kò dá mi lóhùn.

Ìyá àgbà tó múlé tì mí kọjá lọ́jọ́ kan, ó mirí, ó ní, "Ebi ń pa àwọn ọmọ yẹn o." Èmi alákọ̀wé kò bi í léèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo se ẹ̀wà, mo bù ú síwájú wọn, mo fi epo pa wọ́n lẹ́nu, mo ní kí wọ́n fi ìyẹn ṣe sùúrù títí olówó wọn yóò fi dé.

Àfi bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ní ọjọ́ kejì, Ìdòwú dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àwọn ère náà, ó rí epo lẹ́nu wọn.

"Ta ló bọ́ wọn?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́."

Ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ tó o lọ ilé-ìwé! Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ìbejì ti gbà wọ́n lọ́mọ. O kú oríire, bàbá ìbejì! Bí mo bá gbé wọn lọ báyìí, ọmọ ni mo jí gbé."

"Ìkòkò wọ̀nyí ńkọ́? Odó ńkọ́?"

"Ogún tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn ni. Àbí o fẹ́ da ogún àwọn ọmọ rẹ sí ààtàn?"

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo rẹ̀, ó ń súfèé lọ.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá àfẹ́sọ́nà mi, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo ń dúró de ẹni tí yóò lé mi síta. Obìnrin náà bi mí léèrè.

"Ṣé o bọ́ wọn lóòótọ́?"

"Mo bọ́ wọn, ìyá."

"Wọn kì í ṣe ọmọ ọlọ́mọ mọ́ nìyẹn. Ọmọ ọkọ ọmọ mi ni wọ́n."

Báyìí ni ìyàwó mi ṣe wọlé, òun àti àgbàdo tuntun. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni ibi tí mo kó ẹ̀wà sí. Yàrá tó dára jù, ó fún àwọn ìbejì. Àwa méjèèjì sùn sáàrin ìkòkò.

Ìyàwó mi ti ṣíwájú mi lọ báyìí. Èmi ni mò ń se ẹ̀wà. Àwọn ọmọ tí a bí, tó wà ní Kútọnu, ní kí n ta ilé náà kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun ọ̀kadà wá wò ó. Ó wo ìkòkò, ó wo odó, ó ní, "Bàbá, ẹ óò kó gbogbo èyí kúrò, àbí?"

Mo ní, "Lọ́jọ́ ọjà." Mo sì na àwo ẹ̀wà sí i. "Ọmọ mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Bá mi gbé e síwájú àwọn tó wà lórí pèpéle yẹn."

Ọmọlúàbí ni, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó kù díẹ̀ kí ó gbà á, mo rántí ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́, mo fa àwo náà padà. Mo gbé e síwájú wọn fúnra mi, mo sì ní kó máa lọ, ilé náà kò tíì ṣófo.