Àkùkọ Pẹlẹbẹ Tí Sàfúrátù Fi Ṣe Sàráà

Bí ẹ bá rí adìyẹ Sàfúrátù nígbà àkọ́kọ́, ẹ ó rò pé ìjì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá wọn. Ìyẹ́ wọn kì í sùn sára, ṣe ló ń ká sókè, tó ń kọjú sí orí. Nígbà kan, irú wọn pọ̀ ní Ìlọrin. Ní báyìí, ẹ lè yí gbogbo ìsọ̀ aládìyẹ ọjà Ìpàta ká kí ẹ má rí ẹyọ kan. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni Sàfúrátù ti jogún wọn, lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn.

Aránṣọ ni Sàfúrátù ní àdúgbò Ṣàngó, ojú aránṣọ náà ló sì fi ń yan adìyẹ tí yóò dá irú sílẹ̀. Àkùkọ tó ká jù àti àgbébọ̀ tó ká jù ló ń so pọ̀. Èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ bá lélẹ̀ pẹlẹbẹ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, sàráà ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àkùkọ pẹlẹbẹ kan kì í wọ́n nínú agbo tirẹ̀, “ọkọ ilé” ló sì máa ń pè é. Sàfúrátù kò béèrè ìdí rí. Òun gan-an ló ní kí wọ́n pa ọkọ ilé náà níbi fìdáù ìyá rẹ̀, ó ní kì í kúkú ṣe ara wọn.

Láti ìgbà náà ni agbo ti ń dínkù. Lọ́dún yìí, àgbébọ̀ méjì pa ọmọ mọ́kànlá. Sàfúrátù so òwú pupa mọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ àgbébọ̀ tó ká jù, ó so dúdú mọ́ ti èkejì, tí kíká tirẹ̀ kò le. Nígbà tí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àwọn olówùú pupa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di òpìpí, ìhòòhò goloto. Nínú àwọn olówùú dúdú márùn-ún, mẹ́ta níyẹ̀ẹ́. Ọyẹ́ dé, ó kó àwọn òpìpí lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Àwọn wọ̀nyí gbọ̀n títí wọ́n fi kú, gbogbo ayé ló sì rí i. Ó dun Sàfúrátù, ṣùgbọ́n kò yéé wo òwú pupa àti dúdú náà. Kí ló ń bọ́ wọn láṣọ? Bí kíká bá pàdé kíká, ìhòòhò ló ń bí. Bí kíká bá wá pàdé pẹlẹbẹ ńkọ́? Ibẹ̀ ló ti rántí ọkọ ilé, ojú sì tì í.

Àkùkọ pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ló kù nínú ìran náà, èyí tó fi ṣe sàráà fún Alfa Àhmádù lọ́dún tó kọjá. Ó sáré lọ sílé Alfa.

“Alfa, àkùkọ ọjọ́sí, ṣé ẹ ti pa á?”

“Pa kẹ̀? Òun ló ń jí mi fún àsùbá.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi méjì pààrọ̀ rẹ̀.”

Alfa mi orí. “Sàráà kì í padà sílé, Sàfúrátù. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Ó mọ̀ ọ́n. Ó gbójú sókè wo àkùkọ náà lórí ògiri.

“Ṣé àwọn àgbébọ̀ mi lè wá kí i?”

Alfa bú sẹ́rìn-ín. “A kì í lé àlejò nílé yìí.”

Lọ́jọ́ kejì, Sàfúrátù fi apẹ̀rẹ̀ gbé àgbébọ̀ méjèèjì wọ kẹ̀kẹ́ màrúwá. Ilé Alfa ni wọ́n yé sí, ibẹ̀ ni wọ́n sàba sí. Ọmọ mẹ́sàn-án jáde. Ojoojúmọ́ ló ń lọ tú ìyẹ́ wọn wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, kò sí òpìpí kankan. Méje ká, méjì pẹlẹbẹ, akọ sì ni ọ̀kan nínú àwọn pẹlẹbẹ náà.

Alfa na ọwọ́ sí akọ yìí. “Mo mọ èyí tó jẹ́ tèmi.”

“Ẹ má bínú, Alfa. Ọkọ ilé nìyẹn.”

Ohùn ìyá rẹ̀ ló gbọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Ó so òwú funfun mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó wá mú èyí tó ká jù nínú àwọn méje, ó gbé e lé Alfa lọ́wọ́.