Mẹ́wàá Nínú Mẹ́wàá Fún Ìrora

Ẹ̀gbọ́n mi ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìyá kan náà ló bí wa, bàbá kan náà. Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọn" bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbí yìí, ẹ jẹ́ kí n pè é ní "ó" o jàre. Ọ̀wọ̀ tó wà nínú mi fún un ti gbẹ láti ọdún tó kọjá.

Òṣùwọ̀n ni gbogbo ibi iṣẹ́ wa ń pè é. Ìjàkadì orí ìtàgé là ń ṣe níbẹ̀, níbi tí àwọn ọkùnrin gìrìpá ti ń gbé ara wọn jù sílẹ̀ láàárín okùn, tí èrò ń pariwo. Ẹ má sì wulẹ̀ sọ fún mi pé irọ́ ni. Ta ni kò mọ̀? Ọ̀gá ti máa ń sọ ẹni tó máa borí kí àwọn méjèèjì tó wọ aṣọ ìjà. Èmi ni mo ń rán aṣọ náà, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣubú lé kì í ṣe irọ́. Pákó ni, fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi bò ó. Pákó kò mọ eré.

Ẹ̀gbọ́n mi náà ja ìjà yìí fún ọdún méjìdínlógún kí ìbàdí rẹ̀ tó daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá wá fún un ní àga kan létí okùn àti ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan. Gbogbo òṣèré ló ní ojú ewé tirẹ̀ nínú ìwé náà, ẹ̀gbọ́n mi sì fi rúlà pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin. Apá kan wà fún ìṣubú, bí èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n ṣubú láìfi ara pa. Ìkejì wà fún ìṣọ́ra, bó ṣe ń tọ́jú ara ẹni tí wọ́n jọ ń jà. Ìkẹta ni ìrora, bó ṣe lè mú kí èrò gbà pé ó ń dun òun. Ìkẹrin ni ariwo, bí èrò ṣe pariwo sí. Mẹ́wàá ni máàkì tó ga jù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ọdún bá ń parí, á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, á pín in, ẹni tí tirẹ̀ kò bá sì tó mẹ́fà, orúkọ rẹ̀ á já nínú ìwé ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá já ti já náà nìyẹn. Kò sí iṣẹ́, kò sì sí káàdì ilé ìwòsàn tí ilé iṣẹ́ ń san.

"Ohun tí mo bá rí ni mo ń kọ." Orin ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Ó fún ọ̀rẹ́ tó dúró tì í níjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ní mẹ́rin, ọ̀rẹ́ náà di ẹrù rẹ̀, ó ń sunkún lọ. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà. A tún ń yìn ín nígbà náà o! A ní olóòótọ́ ni.

Ọkọ mi wà nínú ìwé yìí. Agídí ni orúkọ rẹ̀ lórí ìtàgé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kò lè lé adìyẹ ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa pàdánù. Ọdún mẹ́tàlá gbáko ló fi ń pàdánù, kí àwọn mìíràn lè di akọni. Máàkì rẹ̀ fún ìṣubú jẹ́ mẹ́jọ. Ìṣọ́ra, mẹ́wàá, lọ́dọọdún. Ẹnikẹ́ni kò fi eyín sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ mi rí, gbogbo òṣèré tuntun ló sì máa ń bẹ̀bẹ̀ pé òun ni kí àwọn kọ́kọ́ bá jà. Ṣùgbọ́n ìrora, mẹ́ta. Ọkọ mi kì í ké. Wọ́n á là á mọ́lẹ̀ gbàmù, á dìde, á na ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tó jí lójú oorun ọ̀sán. Èrò kì í sì í pariwo fún ẹni tí nǹkan kò dùn, nítorí náà ariwo jẹ́ méjì.

Nígbà tó ku oṣù méjì kí ọdún parí, mo gbọ́ pé ó ku díẹ̀ kí tirẹ̀ pé mẹ́fà. Ìrora nìkan ló lè gbé e débẹ̀. Ọkùnrin ọdún mẹ́tàlélógójì tí kò kọ́ iṣẹ́ mìíràn, ibo ni yóò lọ? Mo gba ilé ẹ̀gbọ́n mi lọ. Mo bá a níbi tó ti ti ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ìwé náà wà lórí itan rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ fi máàkì kan kún un. Ta ni yóò mọ̀?"

"Èmi á mọ̀."

"Ọkọ àbúrò yín ni o!"

"Kò sí àna nínú ìwé yìí. Ohun tí mo bá rí ni mo ń kọ. Lọ sọ fún un kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ̀rora. Kò ké, kò di ẹ̀yìn mú, kò ṣe ojú. Ta ló fẹ́ sanwó wá wo igi?"

Mo bínú débi pé mi ò dágbére. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo gbé ìmọ̀ràn náà lò. Mo gbé mátírẹ́ẹ̀sì wa sílẹ̀ láàárín yàrá, mo mú rúlà tí mo fi ń gé aṣọ dání, mo di olùkọ́ ìrora. "Ṣubú! Ó yá, ké!" Ọkọ mi á ṣubú, á ní "yéè" bí ẹni tó ń dáhùn ìkíni. "Irú igbe wo nìyẹn? Ké, olówó orí mi, ké bí ọkùnrin!" Nígbà tó yá, ó ké lóòótọ́. Ká tó wí ká tó fọ̀, obìnrin tó ń gbé yàrá òdìkejì ti ń kanlẹ̀kùn: "Ìyàwó, ẹ fi ọkọ yín sílẹ̀ o! Kí ló ṣe yín?" A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ó ku ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Tí òṣèré bá ṣubú tí kò dìde, rẹfirí á kúnlẹ̀ tì í, á di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tí onítọ̀hún bá fún ọwọ́ rẹfirí mọ́ inú tirẹ̀, ara rẹ̀ le, eré ni. Tí kò bá fún un, rẹfirí á gbé apá méjèèjì kọjá ara wọn lókè orí, ìjà parí nìyẹn, ìjà tí wọ́n bá sì dá dúró báyìí, kò ní máàkì rárá. Lọ́sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, òṣèré kan gbàgbé, kò fún ọwọ́. Rẹfirí dá ìjà dúró, ọkùnrin náà sì dìde sáká, èrò ń hó pé ojóró ni. Ẹ̀gbọ́n mi bú rẹfirí náà lójú gbogbo wa. "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Tí o bá ń ṣiyèméjì, èmi ni kí o máa wò! Mo mọ ìrora tòótọ́ yàtọ̀ sí ti eré. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi jẹ ẹ́." Láti ọjọ́ náà, rẹfirí kò fọkàn tán ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni ìjà ìparí ọdún bọ́ sí. Òṣèré tí wọ́n ń pè ní Mànàmáná ni wọ́n fún ọkọ mi láti bá jà. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló ń fún Mànàmáná ní mẹ́ta fún ìṣọ́ra, mẹ́wàá fún ariwo. Mànàmáná gbé ọkọ mi sókè, ó dorí rẹ̀ kodò. Ó yẹ kí ó rọra fi èjìká ọkọ mi kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń wo èrò, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọrùn ọkọ mi ló kọ́kọ́ kan pákó.

Kò ké. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ, kò ké. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo iná àjà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gbọ̀n díẹ̀, ó sì dákẹ́. Gbogbo èrò pa lọ́lọ́, lẹ́yìn náà ni ariwo sọ, irú èyí tí wọn kò pa fún un rí. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn mi. Inú mi dùn, àní inú mi dùn! Mo ní, "Ó ti mọ̀ ọ́n o! Ọkọ mi ti mọ̀ ọ́n!" Mo pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ méjèèjì yìí ni mo fi pa á.

Rẹfirí kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ ọkọ mi mú. Mo rí i tí rẹfirí fún ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, tó ń dúró de èsì. Ó gbójú sókè, ó wo ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi bírò ṣe báyìí sí rẹfirí: fi í sílẹ̀, jẹ́ kó máa ṣe é lọ. Mànàmáná gun orí okùn, ó fò, ó sì bọ́ lé ọkọ mi láyà bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Rẹfirí ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ orí ba ìwé, ó kọ mẹ́wàá.

Dókítà ní egungun ọrùn ló ṣẹ́. Ara ọkọ mi kò mọ nǹkan kan mọ́ láti àyà dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ òsì nìkan ló lè gbé díẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ sí i? Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń jẹun, ó sì máa ń bi mí bóyá ẹsẹ̀ òun wà nínú aṣọ ìbora.

Mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó ya ojú ewé yẹn, kí ó má ṣe jẹ́ kí mẹ́wàá yẹn wà láyé. Kò yọjú. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló tó wá, ó rù, ìwé náà wà lábíyá rẹ̀. Kò lè wo ibi tí ọkọ mi sùn sí.

Ó ní, "Àbúrò mi, màá lọ bá Ọ̀gá lọ́la. Màá sọ fún un pé mi ò rí i, pé ó yẹ kí n dá ìjà dúró. Màá fagi lé mẹ́wàá náà."

Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti gbọ́ rèé. Mo lanu kí n sọ fún un pé kó máa lọ, kó sáré pàápàá. Ojú mi wá bọ́ sára káàdì ilé ìwòsàn tó wà lórí tábìlì, láàárín àwọn oògùn. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Tí wọ́n bá ka ìjà náà sí èyí tó yẹ kí wọ́n dá dúró, kò ní máàkì. Tí kò bá ní máàkì, ọkọ mi kò pé mẹ́fà. Tí kò bá pé mẹ́fà, orúkọ rẹ̀ já, káàdì náà á sì kú lọ́jọ́ tí ọdún bá parí.

Mo kúnlẹ̀. Èmi tí wọ́n ṣe níkà, èmi náà ni mo kúnlẹ̀ fún ẹni tó ṣe é. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fagi lé e."

"Irọ́ ni, àbúrò mi. Irọ́ ni mo kọ."

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀! Mo bẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kan kí ẹ purọ́ fún mi, ìgbà tí ìyẹn ì bá dáa, ẹ kọ̀. Ẹ purọ́ náà báyìí."

Ó lọ. Nígbà tí wọ́n ń ka ìwé ọdún, Ọ̀gá bi í lójú gbogbo ènìyàn bóyá mẹ́wàá náà tọ́. Ọ̀gá náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó yẹ kí wọ́n dá ìjà dúró, ó sì ń wò ó lójú bó ṣe ń bi í. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ohun tí mo rí ni mo kọ." Orúkọ ọkọ mi ṣe ìkọkànlá nínú ìwé ọdún tuntun. Kò wà nípò tó ga tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé, mo gbọ́dọ̀ rán aṣọ tuntun fún un, kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀ sára ògiri. Ọ̀gá ránṣẹ́ pé gbogbo orúkọ, kò sí àyọkúrò. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo mú téèpù, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá gbé ọkọ mi sókè kí n lè wọ̀n ọ́n. Itan rẹ̀ jẹ́ íǹṣì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ́dún tó kọjá, ó wà nínú ìwé ìwọnṣọ tèmi. Mo wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ mọ́kànlélógún. Mo tún un wọ̀n, mo sì kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé e láìfi ọwọ́ ti ọrùn rẹ̀. Orí ọkọ mi yẹ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí.

Ọkọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n."

"Àna mi."

"Ìṣọ́ra, ẹyọ kan."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. Ó ké, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń pe orúkọ ìyá wa. Mo wò ó dáadáa, bí òun náà ṣe máa ń wo àwọn èèyàn, mi ò sì gbà á gbọ́. Mo ní kí ó di ẹnu téèpù mú, pé ó ti ń yọ̀.