Iná Ọjọ́ Ìsinmi ní Ṣógúnlé

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni iná yẹn. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, ojú sì ń tì mí dòní. Bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ni mo ń tà ní Ṣógúnlé. Ṣọ́ọ̀bù mi dojú kọ ti Àjíbíkẹ́, obìnrin kan ṣoṣo tó ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe ní àdúgbò wa. Gírísì kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Bí ọkùnrin bá wọlé tó ní ọ̀gá dà, á ní, "Ọ̀gá lẹ ń bá sọ̀rọ̀ yẹn."

Ọmọ Ìkìrun ni. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá Àjàmú ní Mafoluku. Lọ́jọ́ tó gba fúrídọ̀mù, ọ̀gá gbọ́wọ́ lé e lórí lójú gbogbo ẹgbẹ́ oníṣẹ́ wọn, ó sì fún un ní maṣíìnì tí òun fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àjíbíkẹ́ ò tà á, kò sì yá ẹnikẹ́ni. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ló gbé e sí, ó ń nù ún láràárọ̀.

Babáṣọlá ni ọmọ onílé tí ṣọ́ọ̀bù Àjíbíkẹ́ wà nínú ilé rẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó rí ẹni tó fẹ́ ra ilé náà, àmọ́ òfìfo lonítọ̀hún fẹ́. Ó fún àwọn ayálégbé níwèé kí wọ́n kó jáde, ọjọ́ tí òfin fún wọn ò sì tíì pé. Kò lè ní sùúrù.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Àjíbíkẹ́ yà wá mú Bíbélì tó gbàgbé sí ṣọ́ọ̀bù. Ó pàdé Babáṣọlá tó ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi o, àǹtí." Àjíbíkẹ́ ò tíì ṣí kọ́kọ́rọ́ tán tí iná fi sọ lẹ́yìn ilé. Òpònú yẹn rò pé gbogbo ilé ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì! Ó gbàgbé pé Mùsùlùmí ni Ìyá Fàthíà tó ń gbé lókè, pé ilé ló wà, tó ń dirun fọ́mọ rẹ̀. Orí ló kó wọn yọ, àmọ́ apá ọ̀tún Fàthíà jó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ọmọ ọdún mẹ́fà.

Èmi náà sáré dé, mo wo eérú, mo lanu, mo ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Àjíbíkẹ́ yíjú sí mi.

"Ṣé Ọlọ́run ló gbé kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ ni?"

Kò tilẹ̀ wẹ̀ kó tó gba téṣàn lọ. Wọ́n mú Babáṣọlá lọ́jọ́ kejì. Ọlọ́pàá obìnrin tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ fún Àjíbíkẹ́ pé kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ dáná sunlé kì í ṣe ìjà onílé àti ayálégbé. Ẹjọ́ ìjọba ni, kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀bẹ̀ parí ẹ̀, òfin sì lè rán ẹni tó ṣe é lọ sẹ́wọ̀n gbére. "Àmọ́ ìwọ nìkan lo rí i," ó ní. "Tóo bá yíhùn padà, ó máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́."

Àwọn ẹbí Babáṣọlá gbọ́ bẹ́ẹ̀, ni ẹ̀bẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí! Ẹni tó dáná ò bẹ ẹnikẹ́ni, ẹni tí wọ́n sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni gbogbo ayé ń sọ fún pé kó ní sùúrù. Nígbà tó yá, ọ̀gá Àjàmú fúnra rẹ̀ dé. Òun ni ẹ̀gbọ́n ìyá Babáṣọlá. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti bá Àjíbíkẹ́, níbi tí mo ti fún un láyè láti máa ṣiṣẹ́. Ó ṣí fìlà.

"Àjíbíkẹ́, ṣáà sọ pé o ò rí i dáadáa."

"Mo rí i dáadáa, sà. Ó kí mi."

"Èmi ni mo kọ́ ẹ níṣẹ́. Tóo bá dúró ní kóòtù tako ọmọ àbúrò mi, mo gba fúrídọ̀mù mi padà lọ́wọ́ ẹ."

Ẹni tí ọ̀gá ẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún, ẹgbẹ́ ò ní bá a ṣe mọ́. Àjíbíkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa irin dúdú kan tó fi náílọ́ọ̀nù wé jáde lábẹ́ tábìlì mi, ó gbé e síwájú ọ̀gá. Orí maṣíìnì yẹn ni. Ó ti wọ́, àmọ́ orúkọ tí ọ̀gá fi ìṣó ha sídìí rẹ̀ ṣì hàn.

"Fúrídọ̀mù yẹn nìyí, sà. Babáṣọlá ti gbà á kó tó kàn yín."

Ọ̀gá wò ó títí. Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe Àjíbíkẹ́ ní kóòtù Ìkẹjà, ẹ̀yìn Babáṣọlá ni ọ̀gá jókòó sí. Àjíbíkẹ́ fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ kí i. Ọ̀gá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin náà dìde, ó wọ àpótí ẹlẹ́rìí. Lọ́yà ìjọba bi í pé kí ni Babáṣọlá sọ fún un lọ́jọ́ náà.

"Ó ní kí n kú ọjọ́ ìsinmi."

Adájọ́ ní kó tún un sọ kóun lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún un sọ.

Ẹ̀wọ̀n ọdún méjìlá ni wọ́n dá fún Babáṣọlá. Àwọn kan ládùúgbò ṣì ń sọ pé Àjíbíkẹ́ ò láàánú. Kí wọ́n lọ sọ ọ́ fún Fàthíà, tó ń fi ọwọ́ òsì kọ́ ìwé kíkọ báyìí.